Ohun Tí Mo Bá Nínú Ike Rósìmẹ́rì Ìyá Ọkọ Mi

Ọkọ mi ti gba oògùn ọmọ wa kúrò lọ́wọ́ mi. Inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ló ń tì í mọ́ báyìí, inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Láàárọ̀, kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́, á pe Mofẹ́ wọ yàrá, á fi hóró oògùn sí i lẹ́nu fúnra rẹ̀, á dúró tì í títí á fi gbé omi mì, á tún ní kó la ẹnu kí òun wò ó. Èmi á wà ní kíṣìnì, màá máa gbọ́ gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé àlejò ni mí nínú ilé tí mo ti bímọ. Kò bú mi rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bú mi! Ojú tó fi ń wò mí ló ń pa mí. Ó gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé èmi tí mo lóyún Mofẹ́, tí mo bí i, ni mo ń gbàgbé láti fún un ní oògùn rẹ̀ tí ọmọ fi dà báyìí. Ẹ̀yin ará mi, mi ò gbàgbé. Mo mọ ẹni tó ṣe é, mo mọ bó ṣe ṣe é, mo sì ti búra fún ẹni náà pé kò ní tẹnu mi jáde. Ìbúra yẹn ń jẹ mí nínú bí ikán ṣe ń jẹ igi, ọ̀rọ̀ sì ti wá débi tó jẹ́ pé tí mi ò bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, orí mi lè dàrú. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ́ ẹní sílẹ̀ tí mo ní kí ẹ jókòó tì mí.

Ará Èkìtì ni mí. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìkòtún, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni ọkọ mi. Ọmọ Ìkàrẹ́ lòun, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà la ti pàdé, ibẹ̀ náà la ti ṣègbéyàwó, a wá rẹ́ǹtì ilé òkè kan ní Baruwa, ibẹ̀ la wà títí di òní. Ó pẹ́ gan-an kí n tó rí oyún dì mú. Ìgbà tí Ọlọ́run máa ṣe é, Mofẹ́olúwa ló fún wa, kò sì tún fún wa ní òmíràn mọ́. Ẹyin ojú wa ni.

Mofẹ́ ṣì ń rá nígbà tí gìrì kọ́kọ́ mú un. A rò pé gìrì ọmọdé lásán ni, èyí tí ibà máa ń fà. Ṣùgbọ́n ọmọ ń dàgbà, gìrì ò lọ. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti wá sọ orúkọ tó ń jẹ́ gan-an fún wa: wárápá. Ẹ̀yin náà mọ bí orúkọ yẹn ṣe ń dún létí Yorùbá. Bí aládùúgbò bá gbọ́ ọ, kò ní jẹ́ kí ọmọ tiẹ̀ bá tìrẹ jẹun nínú àwo kan náà mọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ni àdúrà á máa wọlé. A bá pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Dókítà fún wa ní oògùn, hóró kan láàárọ̀, hóró kan nírọ̀lẹ́, ó sì kìlọ̀ gidigidi pé a ò gbọ́dọ̀ fo ẹyọ kan. Oògùn yẹn ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́. Ọdún ń gorí ọdún, àìsàn náà ò yọjú. Mofẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìṣirò ni ọmọ yìí fẹ́ràn jù. Bí mo bá ń ro máàkì àwọn ọmọ kíláàsì mi pọ̀, á ti pariwo ìdáhùn látorí àga rẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Inú bàbá rẹ̀ á dùn, á ní, "Ẹ ò rí ẹ̀rọ ìṣirò tèmi!"

Nígbà tí bàbá ọkọ mi ṣaláìsí, ọkọ mi ní ìyá òun ò ní dá gbé Ìkàrẹ́ mọ́. Bí Màmá ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń retí kí n sọ pé ìyá ọkọ mi burú. Rárá o! Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run á bi mí. Màmá ni ìyá tí mi ò ní, torí ìyá tèmi ti kú nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá bá oúnjẹ lórí iná. Bí èmi àti ọkọ mi bá ní gbólóhùn asọ̀, ẹ̀yìn mi ni Màmá máa ń wà. "Ìyàwó mi" ni wọ́n ń pè mí, wọn ò sì fi ọjọ́ kan dárúkọ mi. Mofẹ́ ńkọ́? Mofẹ́ àti ìyá àgbà rẹ̀, bí ahọ́n àti ẹnu ni. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn.

Màmá mọ ewé. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe adáhunṣe o, wọ́n kàn mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá àtijọ́ ṣe mọ̀ ọ́n: efinrin fún inú rírun, ewúro fún ìtọ̀ ṣúgà, ewé gúáfà fún ìgbẹ́ gbuuru. Níbi ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti gbọ́ nípa rósìmẹ́rì. Obìnrin kan níbẹ̀ ló so fóònù Màmá mọ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ti máa ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí ewé òyìnbó àti ewé ilẹ̀ wa. Kò pẹ́, Màmá dá mọ́tò dúró ní ibùdókọ̀ Pleasure, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, wọ́n ra irúgbìn rósìmẹ́rì, wọ́n gbìn ín sínú ike ọ̀dà tó ṣófo, wọ́n gbé e sí bákónì wa. Ewé tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ni. Bí ẹ bá fọwọ́ rà á, òórùn bíi ti káńfọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú aṣọ nínú àpótí á gba gbogbo ọwọ́ yín.

Kí ni Màmá ò fi rósìmẹ́rì ṣe? Wọ́n sè é, wọ́n fi omi rẹ̀ fọ irun fún Mofẹ́, iwájú orí ọmọ tó ti ń pá torí irun dídì bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú òróró àgbọn, wọ́n fi ń pa orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ gun àkàsọ̀ láìdúró sinmi. Bí ọ̀fìnkìn bá mú ọkọ mi, wọ́n á da omi gbígbóná lé e nínú bàsíà, wọ́n á fi aṣọ bò ó lórí kó fa ooru rẹ̀. Wọ́n fi kànáfùrù sí i, ó di tíì tí à ń mu lọ́jọ́ Sunday. Èmi pàápàá máa ń já díẹ̀ sínú ẹran ewúrẹ́. Àwọn aládùúgbò ń wá tọrọ ẹ̀ka rẹ̀. Inú mi dùn, mo ní ìyá ọkọ mi ti rí ohun tó ń mú inú wọn dùn lẹ́yìn ikú ọkọ wọn. Ṣé èèyàn á rí ewé tó ń hu irun, tó ń dá ọ̀fìnkìn dúró, kó wá rò pé ibi wà nídìí rẹ̀? Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni oorun. Oògùn Mofẹ́ máa ń mú un tòògbé. Olùkọ́ rẹ̀ pè mí pé ọmọ ń sùn ní kíláàsì. Mo sọ ọ́ nílé, mo ní a máa bi dókítà tí a bá padà lọ. Màmá gbé orí Mofẹ́ lé itan wọn, wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ní, "Oògùn, oògùn, oògùn, látìgbà tó ti ń rá. Ṣé bí ọmọ mi á ṣe máa gbé e mì títí á fi wọlé ọkọ nìyí?" Àánú wọn ṣe mí. Mi ò mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ti ní ìdáhùn lọ́kàn wọn. Ẹ jẹ́ kí n sì sọ èyí kó yé yín: ìdájí ni mo máa ń jáde nílé kí n lè bá ilé ẹ̀kọ́ ní Ìkòtún, nítorí náà, ọwọ́ Màmá ni oògùn àárọ̀ wà. Tìrọ̀lẹ́ nìkan ni mò ń fún un fúnra mi.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni mo rí àmì kìíní. À ń jẹ ìrẹsì, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Mofẹ́. Kò wo ilẹ̀. Ògiri ló ń wò, ẹnu rẹ̀ ń ṣe bí ẹni ń jẹ nǹkan, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí nǹkan lẹ́nu rẹ̀. Mo pè é, mo tún un pè. Lójijì ló wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ pè mí ni?" Ọkọ mi ní ó rẹ ọmọ ni, iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ti pọ̀ jù. Mo fẹ́ gbà á gbọ́, mo sì gbà á gbọ́.

Àmì kejì ló burú jù, torí mi ò mọ̀ pé àmì ni. Ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ohun tí ẹnì kankan nínú wa ò gbọ́. A lè jókòó jẹ́ẹ́ ní pálọ̀, á kàn gbé imú sókè, á ní, "Mọ́mì, ta ló ń sun rọ́bà?" Màá yọjú ní fèrèsé, mi ò ní rí èéfín. Màá ní bóyá wọ́n ń sun ìdọ̀tí níbì kan ládùúgbò. Nígbà tó ṣe, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín ìwàásù. Ó sọ ọ́ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ojú rẹ̀ á yí padà, ẹ̀rù á bà á, á di ọwọ́ mi mú. "Mọ́mì, nǹkan ń jó o." Kò sí nǹkan tó ń jó, ará mi. Nínú orí rẹ̀ ni iná wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo tẹ̀ síwájú láti gbá Mofẹ́ mọ́ra, òórùn rósìmẹ́rì yọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì le ju ti tíì wa lọ, ó ta mí nímú bí róòbù. Mo ní, "Màmá, kí ni Mofẹ́ mu?" Wọ́n ní, "Ẹ̀kọ ni mo fún un. Mo fi rósìmẹ́rì díẹ̀ sí i. Wọ́n ní ó dára fún ọpọlọ, kó lè máa rántí ìwé rẹ̀." Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá, ẹ ò ní ṣìṣe lórí ọmọ." Mo dúpẹ́! Ẹnu tèmi ni mo fi dúpẹ́!

Ìgbà tí wárápá yẹn wá gbé ọmọ ṣánlẹ̀ lójú wa, lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn, a sáré lọ bá dókítà. Dókítà náà bi mí ní ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́: ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èkejì: ṣé ẹ ń fún un ní nǹkan mìíràn, àgbo, ewé, ohunkóhun? Mo ní rárá. Ẹ má bínú sí mi. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ewé tí à ń jẹ pẹ̀lú ẹran, tí à ń fi fọ orí, ṣé ìyẹn náà là ń pè ní àgbo? Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọ́fíìsì yẹn, wọ́n gbé báàgì lé itan, wọn ò sọ nǹkan kan. Dókítà bá fi kún oògùn rẹ̀. A ò mọ̀ pé ṣe la fi kún ìbẹ̀rù Màmá. Bí oògùn òyìnbó ṣe ń pọ̀ sí i lójú wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá ọ̀nà láti gba ọmọ ọmọ wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọjọ́ Sunday ni. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, oòrùn mú gan-an, Mofẹ́ ní òun fẹ́ wẹ̀. Mo wà ní kíṣìnì, mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà láti ẹnu ẹ̀rọ. Mo ro ọbẹ̀. Mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi ṣì ń dà. Mo ní, "Mofẹ́, omi á kún o!" Kò dáhùn. Mo tún pè. Ohun tó gbé mi débi ilẹ̀kùn yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi ló fi èjìká já a. Ọmọ mi wà nílẹ̀, láàárín báfù àti ògiri, ara rẹ̀ le bí igi, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, ìtọ́ òun ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. A rò pé á dáwọ́ dúró bó ṣe máa ń ṣe. Kò dáwọ́ dúró. A gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbọ̀n. Àwọn aládùúgbò jáde. Bí wọ́n ṣe rí ìtọ́ yẹn, ṣe ni wọ́n ń fà sẹ́yìn, àwọn tí wọ́n ń wá tọrọ ẹ̀ka rósìmẹ́rì lọ́dọ̀ wa. Obìnrin kan ń pariwo pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ wọlé. Ọlọ́kọ̀ kan tí a ò mọ̀ rí ló ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ fún wa, tó gbé wa sáré títí dé ilé ìwòsàn ní Ìgàndó. Gbogbo ojú ọ̀nà yẹn, orí ẹsẹ̀ mi ni ó ti ń gbọ̀n. Màmá jókòó níwájú, wọ́n ń pe Jésù, Jésù, Jésù, wọn ò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn dókítà dá gìrì náà dúró níkẹyìn, ṣùgbọ́n Mofẹ́ ò jí. Oorun náà pẹ́ débi tí mo ti ń bá Ọlọ́run ṣe àdéhùn tí mi ò lè sọ fún yín. Nígbà tó jí, ó wo bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi sunkún ayọ̀, ó ní, "Ẹ̀rọ ìṣirò mi, kí ni mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin?" Ọmọ náà wò ó. Ó wò ó títí. Ó ní, "Dádì, kí ni ẹ ní?" Bàbá rẹ̀ tún bi í, ó rọra ń pè é lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìgbà yẹn ni dókítà pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bí nǹkan yìí ṣe rí, ó jọ pé ọmọ yìí kì í lo oògùn rẹ̀ déédéé." Ọkọ mi yíjú sí mi. Mo ní, "Mò ń fún un! Mò ń fún un, Dádì Mofẹ́!" Ó ti wojú ilẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wo ilẹ̀ tí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Mo lọ sílé láti kó aṣọ wá. Mo jáde sí bákónì láti ká aṣọ Mofẹ́ lórí okùn, mo rí i pé rósìmẹ́rì náà ti ń pọ́n, ewé rẹ̀ ń já. Mo rò pé omi ni kò rí mu nígbà tí gbogbo wa wà ní ilé ìwòsàn. Mo fẹ́ gbé ike náà bọ́ sí ìbòòji, ó wúwo, ó yí dànù mọ́ mi lọ́wọ́, iyẹ̀pẹ̀ tú síta. Mo rí ohun funfun nínú iyẹ̀pẹ̀. Mo rò pé òkúta ni. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣà á. Hóró oògùn ni, òmíràn ti yọ́ dà bí ẹfun, òmíràn ṣì gún régé, àmì tó wà lára rẹ̀ ṣì hàn. Mò ń gbẹ́ ẹ, ó ń jáde. Gbogbo oògùn àárọ̀ ọmọ mi! Abẹ́ rósìmẹ́rì ni Màmá ń ri wọ́n mọ́. Àti lẹ́yìn ike náà, igo kékeré aláwọ̀ dúdú kan wà, tí òróró ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ṣí i, òórùn ẹnu Mofẹ́ láàárọ̀ Sátidé yẹn ni.

Mo gbé igo náà lọ bá apòògùn kan ní Ìkòtún kí n tó padà sí ilé ìwòsàn. Mo ní, jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe? Ó ní ojúlówó òróró rósìmẹ́rì ni, èyí tí wọ́n fún jáde lára ewé púpọ̀, tí wọ́n máa ń fi òróró mìíràn là kí wọ́n tó fi pa ara. Ó ní, "Ewé rẹ̀ nínú ọbẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n èyí, wọn kì í mu ún. Ẹni tó bá tún wá ní wárápá, màdáàmù, á dà bí ìgbà tí èèyàn bu kẹrosíìnì sí iná ni." Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé kò sí irú ẹ̀ nílé yín o?" Mo ní kò sí.

Màmá padà wálé nírọ̀lẹ́ kí wọ́n lè wẹ̀. Mo tẹ́ àwọn hóró oògùn náà sórí ìwé ìròyìn, mo gbé igo náà tì í. Wọ́n jáde sí bákónì, wọ́n rí i. Mo ní, "Màmá, kí ni mo ṣe fún yín?" Ó jáde lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀.

Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, o ò ṣe mí ní nǹkan kan. Obìnrin tó ń tọ́ wa sọ́nà nínú ẹgbẹ́ ewé orí fóònù ló ní oògùn òyìnbó ló ń so ọpọlọ ọmọ mọ́lẹ̀. Ó ní tí mo bá rọra ń yọ ọ́, tí mo ń fi òróró yìí rọ́pò, àìsàn náà á jáde lára rẹ̀ pátápátá. Mo fẹ́ kó sàn kí n tó kú. Mo ní kí Mofẹ́ má tíì sọ ọ́, mo fẹ́ fi yà yín lẹ́nu ni."

"Nígbà tí dókítà ń béèrè, Màmá, ẹ wà níbẹ̀!"

Ohun tí wọ́n ṣe ló tì mí mọ́ ibi tí mo wà yìí. Wọ́n kúnlẹ̀. Obìnrin tó bí ọkọ mi kúnlẹ̀ fún mi pẹ̀lú orúnkún yẹn tó ń dùn wọ́n, lórí iyẹ̀pẹ̀ tó tú sílẹ̀. Mo pariwo, mo ní, "Màmá, ẹ dìde! Ẹ má fi mí gégùn-ún!" Wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú. "Má sọ fún ọmọ mi. Tó bá gbọ́, mo kú. Bàbá rẹ̀ ti lọ, òun ni ojú tí mo fi ń ríran. Búra fún mi, ìyàwó mi. Má jẹ́ kí n fi ẹ̀sín wọ sàárè." Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Mo búra. Mo gbé wọn dìde, mo búra.

Màmá padà sí Ìkàrẹ́ lẹ́yìn tí a gbé Mofẹ́ dé ilé. Wọ́n sọ fún ọmọ wọn pé ariwo Èkó ti sú wọn. Ọkọ mi gbà pé èmi náà ni mo tún lé ìyá òun lọ. Mofẹ́ ti padà sí kíláàsì tó ti kọjá, ó sì ń tiraka. Ó ń kọ́ àwọn ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní a ò gbọ́dọ̀ sọ̀rètí nù, mi ò sì sọ̀rètí nù. Gìrì náà ti tún dáwọ́ dúró láti ìgbà tó ti ń lo oògùn rẹ̀ pé. Ọkọ mi ní, "O rí i pé tí èèyàn bá ń fún un, ó ń ṣiṣẹ́." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì bí ẹní gbé eegun mì. Mo ní kò burú, tèmi nìkan ni ìyà náà, màá jẹ ẹ́ kí àlàáfíà lè wà láàárín ìyá àti ọmọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àǹtí Bùnmi, àbúrò ọkọ mi obìnrin tó ń gbé ní Ẹgbẹ́dá, pè mí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ jíjókòó. Ó ní ibà mú ọmọ náà, gìrì sì dé sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù ba òun gan-an, òun bá ránṣẹ́ pe Màmá. Mo ní, "Ṣé ẹ ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn?" Ó ní àwọn ti lọ, wọ́n ti fún un ní oògùn, wọ́n ní kí àwọn gbé e padà wá. Ó wá rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. "Màmá ti dé, Mọ́mì Mofẹ́, ọkàn mi ti balẹ̀. Wọ́n ní kí n má dààmú ara mi, àwọn mọ ohun tí àwọn máa lò. Wọ́n kó ewé kan dé, gbogbo ilé mi ń ta sánsán!"

Mo pe Màmá lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fún ọmọ yẹn ní nǹkan kan." Ohùn wọn tutù, ìfẹ́ tí wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀ látẹ̀yìnwá náà ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé o ṣì ń rò pé ewé ló ṣe Mofẹ́? Mo ti rò ó, mo ti gbàdúrà sí i. Oògùn tí dókítà fi kún un ló ṣe é. Tó bá jẹ́ pé mo tètè bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́ ni, kò ní débẹ̀. Ti ọmọ Bùnmi yìí, mo tètè mọ̀." Wọ́n ní, "Rántí pé o búra." Wọ́n gé fóònù.

Ará mi, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí mo bá sọ ọ́, ọkọ mi á mọ̀ pé ìyá tó bí òun ló sọ ọmọ òun di báyìí, á sì tún mọ̀ pé èmi mọ̀, mo sì jẹ́ kó máa bínú sí mi lásán láti ìgbà yìí wá. Mi ò mọ èwo ló máa ṣòro fún un láti dárí jì nínú méjèèjì. Wọ́n sì lè ní irọ́ ni mo ń pa, pé mo ń wá ẹni tí màá di ẹ̀bi mi rù, torí mo ti da iyẹ̀pẹ̀ àti hóró oògùn yẹn nù lọ́jọ́ tí mo búra, mo sì ti fọ́ igo náà. Màmá ti dàgbà. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá pa wọ́n, ṣé ọrùn mi ni ẹ̀jẹ̀ wọn á wà? Bí mo bá sì dákẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbọ́ mi, tí ẹ̀yin náà gbin ewé síwájú ilé, mi ò ní kí ẹ fà á tu. Ẹ fi fọ irun, ẹ fi se ẹran, ẹ fa ooru rẹ̀ sínú. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá bi yín, ẹ dárúkọ gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí ẹ kà sí ọbẹ̀ lásán.

Èmi, ìmọ̀ràn ni mò ń wá, kí ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ọkọ mi ni àbí àbúrò rẹ̀? Ṣé ìbúra tí èèyàn ṣe fún àgbà tó kúnlẹ̀ ṣeé dà nítorí ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, Màmá á ti tẹ́ ọmọ náà sórí ẹsẹ̀ wọn ní Ẹgbẹ́dá, wọ́n á máa kọrin fún un, wọ́n á sì máa rọ ọ́ lẹ́kọ.